Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde Tó Ti Fọ́nká: Ibo Ni Kí A Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó sì ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ló kọ̀wé béèrè pé: "Ní ọdún 1989 ni a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní ìlú wa níhìn-ín. Àwa tí a jọ wà ní kíláàsì lé ní 60. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnìkan nínú wa dá ojúlé WhatsApp sílẹ̀, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé. Nísinsìnyí, àwòrán 'ẹ káàárọ̀', ìjà òṣèlú àti ìkéde owó dídá nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn kan sì ti jáde láìdágbére. Ọ̀pọ̀ ni a kò tilẹ̀ gbúròó wọn rí láti ọjọ́ tí a ti jáde, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin. Bàbá ilé mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ṣé ó yẹ kí n máa lépa ọ̀rọ̀ yìí? Bí ó bá yẹ, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kò ní owó oṣù, tí kò ní ọ́fíìsì, tó sì jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń bi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré rárá. Ó yẹ kí ẹ máa lépa ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò rò pé inú ojúlé WhatsApp yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà bó ṣe wà fún ìgbà díẹ̀ ná, kí ẹ lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní ẹ̀yìn líle. Nínú àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí mo ti bá dámọ̀ràn ní Adó, ní Ìkọ̀lé àti ní Ìjerò, èyí tó ṣì dúró lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ni èyí tí ẹnì kan, tàbí ẹni mẹ́ta, ti mọ ibi tí olúkúlùkù wà, tí wọ́n sì ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ní àsíá, tó ní orin, tó ní aṣọ àjọdá oríṣi mẹ́ta, tó sì tú ká nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù púpọ̀.

Òtítọ́ ni Bàbá sọ. Iṣẹ́, ìgbéyàwó, ìrìn àjò àti ikú ti mú àwọn ọmọdé náà kúrò lójú agbo. Àmọ́ ogún ni òwe yẹn kà; kò ka méjì, kò ka mẹ́ta. Bí ẹ bá ń retí pé kí gbogbo àwọn tó jókòó ní kíláàsì ní 1989 tún máa ṣe bí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ńṣe ni ó máa rẹ̀ yín. Robin Dunbar, onímọ̀ nípa ìran ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń sọ ọ́ láti nǹkan bí ọdún 1992 pé iye ènìyàn tí ẹnì kan lè bá ní àjọṣe tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò ju bíi 150 lọ, àti pé nínú wọn, bíi márùn-ún péré ló máa ń súnmọ́ ọkàn jù, tí bíi mẹ́wàá mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń bá a jiyàn lórí bóyá iye náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, èmi náà kò sì ní fi í búra. Síbẹ̀, ẹ ka àwọn ọmọ yín, ọmọ-ọmọ, àbúrò, aládùúgbò àti ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí i pé àyè tó kù fún àwọn ará kíláàsì kò pọ̀. Ẹ yan bíi mẹ́wàá tí ọkàn yín fà sí jù, kí ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ní ti àwọn ìyókù, kí ẹ mọ ibi tí wọ́n wà, kí ẹ sì máa kí wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìyẹn náà ti tó, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí i.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí ẹni tí a kò fojú kàn fún ọgbọ̀n ọdún ṣì fi ń wù wá í rí, nígbà tí ẹni tí a jọ ń lọ sí báńkì lóṣooṣù kò wù wá bẹ́ẹ̀. Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2018 tó fi hàn pé ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 50 tí a jọ lò kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ lásán, ó sì ń lé ní wákàtí 200 kí ó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ wá fi èyí wo ìgbé ayé họ́sítẹ́ẹ̀lì yín: ẹ jọ tò sídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ní ìdájí, ẹ jọ rẹ gaàrí lọ́sàn-án, ẹ jọ fi àtùpà kàwé lóru nígbà tí iná bá lọ. Kí oṣù kan tó pé, wákàtí 200 ti kọjá. Ta ni nínú wa, ní ọjọ́ orí tí a wà yìí, tó tún lè rí irú wákàtí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ tuntun? Ó rọrùn gan-an láti jí ọ̀rẹ́ àtijọ́ dìde ju kí a dá tuntun sílẹ̀ lọ, torí pé iṣẹ́ tó le jù nínú rẹ̀ ni a ti ṣe nígbà èwe.

Ojútì ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n á ní ó ti pẹ́ jù, pé kí ni àwọn fẹ́ sọ, pé ẹni náà á máa rò pé owó ni àwọn ń wá. Ní 2022, Peggy Liu ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 5,900 jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tó fẹ́ kíni máa ń fojú kéré bí inú ẹni tí a kí yóò ṣe dùn tó, àti pé bí ìkíni náà bá ṣe bá onítọ̀hún lójijì tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń mọ rírì rẹ̀ tó. Ìyẹn ni pé ẹni tó ti pẹ́ jù tí ẹ ti kí, tí ojú sì ń tì yín jù láti kí, òun gan-an ni inú rẹ̀ lè dùn jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a ń gbà kí i. Ìkíni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ gùn, kò sì gbọdọ̀ ní ẹ̀bẹ̀ nínú. Ẹ wo irú èyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó máa ń jókòó lẹ́yìn yín, tí ẹ sọ ní Màmá Kékeré. Mo rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ yàrá ìdánwò tí ẹ sì ń dá wa lẹ́rìn-ín. Kò pọn dandan kí ẹ dáhùn lónìí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni ẹ wà." Kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ti mọ ẹni tó ń kí i, ó ti rí àmì tí oníjìbìtì kò lè mọ̀, ó sì ti rí i pé ẹ kò tọrọ ohunkóhun. Ẹ má kọ "mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan láti bá yín sọ" o. Láyé ìsinsìnyí, owó ni etí gbogbo ènìyàn máa ń gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn. Bí ẹ bá lè gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́, ó tún dára ju àkọsílẹ̀ lọ, nítorí pé ojú wa ti yí padà ju ohùn wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé tí mo ní kí ẹ rà. Kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹ kọ orúkọ tó ń jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìnagijẹ rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ìlú rẹ̀ àti agbo ilé bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìyókù ojú ewé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn àti ohun tó sọ. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í ṣe, òun sì ni ó wúlò jù. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta pé "orúnkún òsì ń dùn ún, àbíkẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó ní oṣù Kọkànlá, kò fẹ́ràn kí a máa pè é lálẹ́," nígbà tí ẹ bá máa pè é ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ ó béèrè orúnkún, ẹ ó béèrè ètò ìgbéyàwó, ẹ ó sì pè é lọ́sàn-án. Ẹni tí a bá béèrè orúnkún rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò ní jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ láìdágbére.

Ní ti wíwá àwọn tó sọnù, ohun mẹ́ta ló ti yí padà láti 1989 tí kì í jẹ́ kí a rí wọn. Ọ̀kan ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yín sílẹ̀ ní 1977. Ní 2020 ni ó di yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Bamidele Olumilua sọ, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá ń fi orúkọ tuntun yìí wá ará kíláàsì yín lórí Facebook, àwọn tó dàgbà tó ọmọ-ọmọ yín ni yóò máa rí. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín ni kí ẹ fi wá wọn, nítorí pé òun ni àwọn náà máa kọ sí ojú ewé tiwọn. Kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́ nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o. Yunifásítì tó wà ní Adó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó di ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1985, ó di Yunifásítì Adó-Èkìtì ní 1999, ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 2011. Nítorí náà, àwọn tó jáde níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà kí wọ́n má sì mọ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Poli ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Adó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní 1977 kí wọ́n tó gbé e wá sí Adó ní 1982.

Èkejì ni ìpínlẹ̀. Nígbà tí ẹ ń kàwé, ìpínlẹ̀ kan náà ni a wà pẹ̀lú Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Òkìtìpupa. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ apá ọ̀hún sì kó padà sí ìpínlẹ̀ wọn. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń pè ní ẹni tó sọnù wà ní Àkúrẹ́, tí kò tó wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ yín. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá ti tó láti fẹ̀yìn tì máa ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ẹ bẹ ẹnìkan tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Ọ̀wọ̀ kó mú orúkọ márùn-ún lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé wọn. Ọ̀nà yìí yá ju Facebook lọ fún àwọn ènìyàn ọjọ́ orí wa, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sí lórí Facebook, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ àwọn obìnrin, níbi tí ẹ ní ìṣòro jù. Ẹni tó jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ní 1989 ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ báyìí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti di opó tàbí pé ó ti fi ilé ọkọ sílẹ̀, ó lè ti yí orúkọ náà padà lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹ̀rọ tó máa bá yín tú èyí. Agbo ilé bàbá rẹ̀ ni ẹ ó lọ. Ní Èkìtì, adúpẹ́, agbo ilé kì í kó lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ Ìlawẹ̀ tàbí ọmọ Ẹmùrẹ̀ ni, tí ẹ sì mọ àdúgbò, ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọdún tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá àgbà kan tó jókòó síwájú ilé á sọ fún yín pé, "Ha, èyí tó lọ kàwé ní Ìkẹ́rẹ́! Ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin." Ẹ kọ nọ́ńbà yín sórí ìwé kékeré kan fún wọn láti fi jẹ́ ẹ, dípò kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Òun ni kó yàn bóyá òun fẹ́ kí ẹ rí òun. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi fẹ́ kí ará àtijọ́ mọ ibi tí wọ́n wà, a kò sì ní láti mọ ìdí náà.

Nọ́ńbà fóònù àtijọ́ tilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé sí Nàìjíríà, nítorí náà, kò sí ẹni tó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí ẹ ń jáde. Èyí tó pọ̀ nínú nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ gbà níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láàyè láti ti nọ́ńbà tí olówó rẹ̀ kò lò fún oṣù mẹ́fà, bí ó bá sì tún di oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gbé e nígbà tí ẹ bá pe nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín, ẹ má rò pé ọmọ rẹ̀ ni, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹgbẹ́ fún un.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ojúlé WhatsApp tó ti di ọjà. Kì í ṣe pé àyè kò tó níbẹ̀: láti 2022, ènìyàn 1,024 ni ojúlé kan lè gbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìkéde àti àwàdà ń gbé inú yàrá kan náà. Ẹ dá ojúlé kejì sílẹ̀, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ó jẹ́ pé adarí nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ìròyìn ikú, ìgbéyàwó, àìsàn àti ọjọ́ ìpàdé nìkan ni kó máa wọlé, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo á dúró sí èyí, ẹni tó fẹ́ ṣeré á wà ní ti àkọ́kọ́. Ní ti òṣèlú, ẹ fòfin dè é pátápátá, láìfi ti ẹgbẹ́ kankan ṣe. Ní Èkìtì tiwa, níbi tí ìbò gómìnà kì í bọ́ sí àsìkò kan náà pẹ̀lú ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, àkókò ìpolongo kì í tán, àwọn ará kíláàsì tí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan sì ti ń tì ara wọn mọ́ òde nítorí ẹni tí kò mọ orúkọ wọn. Àwọn tó ti jáde, ẹ má fi agbára fà wọ́n padà. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ béèrè ilé, ẹ má sọ̀rọ̀ ojúlé náà rárá títí àwọn fúnra wọn á fi mẹ́nu kàn án.

Owó ni ó ń tú ẹgbẹ́ ká ju òṣèlú lọ, mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nínú kíláàsì kan náà, ẹnìkan ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnìkan ti di akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹnìkan ń retí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tíì jáde, ẹnìkan sì ń fi ọ̀kadà gbọ́ bùkátà lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kéde pé kí olúkúlùkù dá iye kan báyìí, ẹni tí kò ní kò ní sọ pé òun kò ní. Ńṣe ni yóò dákẹ́, lẹ́yìn ìdákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yóò sì jáde, ẹ ó wá máa sọ pé ó gbéra ga. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí owó ẹgbẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó tálákà jù nínú yín lè san án láìyá, kí ẹni tó bá ní jù bẹ́ẹ̀ lọ fún akápò ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ka orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí kò san sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń lẹ orúkọ àwọn onígbèsè mọ́ ojúlé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Láàárín ọdún kan, àwọn tó kù níbẹ̀ kò ju àwọn olóyè ẹgbẹ́ lọ. Bí ẹnìkan bá nílò ìrànlọ́wọ́, kí ẹni mẹ́ta tí gbogbo yín fọkàn tán mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ má yá ara yín lówó nínú ẹgbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá bíi yàrá ìkàwé fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìgbà yẹn ni ó tọ́ kí ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣí àpò owó tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí. Bí kò bá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wàhálà lásán ni.

Ọ̀rọ̀ oyè náà wà níbẹ̀. Ní ìpàdé, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè àti Pásítọ̀ fi oyè wọn sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo yín nígbà yẹn; àwọn kan ti ṣe olùkọ́ Grade II fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti bímọ, kí wọ́n tó wá bá yín ní kíláàsì. Àwọn wọ̀nyẹn tí ẹ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n tàbí Bàbá nígbà náà, ẹ máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí dòní, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó kéré sí wọn ló ti di kọmíṣọ́nnà.

Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo wọn nípa gbájúẹ̀, torí pé ojúlé àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń wá. Ẹnìkan á kọ̀wé láti orí nọ́ńbà ará kíláàsì yín pé kí ẹ bá òun fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan tó ṣèèṣì wọ fóònù yín ránṣẹ́. Kóòdù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín, bí ẹ bá fún un, òun ló ni ín. Ó wà nínú ètò WhatsApp pé kí ẹ fi àṣírí nọ́ńbà kejì tì í. Ẹ sọ fún ọmọ yín kan kó bá yín ṣe é lónìí. Ẹni tó bá tọrọ owó kíákíá, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tí ẹni tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yín nìkan mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pàdé, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ Sátidé. Gbogbo wa mọ bí Sátidé ṣe rí ní Èkìtì: ìsìnkú méjì, ìgbéyàwó kan, gbogbo ènìyàn sì ń sá láti abẹ́ ìbòòrùn kan dé òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kí ẹ sì parí ní aago méjì, kí àwọn tó ti Òmùò tàbí Ìkàrẹ́ wá lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ojú ọ̀nà kò rí bí ó ṣe rí ní 1989. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti tó. Kò sí aṣọ àjọdá, kò sí gbohùngbohùn, kò sí àlejò pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe jókòó ní kíláàsì, kí ẹ sì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àkókò láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bí ẹ bá fẹ́ jìnnà díẹ̀, Ìkògòsì dára, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí orúnkún ń dùn.

Ẹ ní owó dídá ló kún ojúlé yín. Mo fẹ́ gbà pé ti ìsìnkú ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ìwọ̀n ọjọ́ orí wa, ibi ìsìnkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ibi kan ṣoṣo tí ará kíláàsì ti ń rí ara wọn, n kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ dín owó ìsìnkú kù sí iye kan pàtó tó kéré fún gbogbo ènìyàn láìṣe ojúsàájú, kí ẹ sì fi èyí tó kù ṣe owó ọkọ̀ fún ẹni méjì tó máa lọ kí aláìsàn nílé nígbà tó ṣì lè mọ ẹni tó wọlé. Bí ẹnìkan bá sì ti kú, ẹ má ya ojú ewé rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ náà síbẹ̀, kí ẹ sì máa kí ọmọ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ojú ewé náà lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ irú ẹni tí ìyá tàbí bàbá wọn jẹ́ ní ọmọ ogún ọdún, ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè sọ ọ́ fún wọn.

Ohun kan ló kù. Ìwé yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀yin nìkan. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn, àìsàn wọn àti ọ̀rọ̀ ilé wọn ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà, ẹ má ya àwòrán rẹ̀ sí ojúlé, ẹ má sì fún olóṣèlú kankan, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ kíláàsì tó. Ṣùgbọ́n ẹ yan ẹni kan tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí, tó sì ń gbé ní ìlú mìíràn, bóyá ní Àkúrẹ́ bí ẹ bá ti rí ẹnìkan níbẹ̀, kí ó da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé tirẹ̀, kí ẹ sì jọ máa fi ìwé méjèèjì wé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lónìí, kí ẹ tó lọ ra ìwé náà, ẹ pe ẹnìkan nínú àwọn tó jáde láìdágbére, kí ẹ béèrè ilé.